Point cloud tí kò jókòó síbi tó yẹ: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí kọ́díneètì àti òṣùwọ̀n fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó

Ẹ̀yin sọ́féyọ̀, ayàwòrán-ilé àti oníṣẹ́ dúróònù tí ẹ ń fi scanner wọn ilé àti òpópónà, láti Ìdúmọ̀tà dé Yábàá àti Ìkẹjà, ẹ̀yin la kọ èyí fún. Point cloud ni àkójọ àwọn pọ́íǹtì tí scanner wọ̀n, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kọ́díneètì tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà X, Y àti Z tó sọ ibi tó wà. Ìṣòro tí a fẹ́ sọ kì í sábà ti ọwọ́ scanner wá. Ìgbà tí fáìlì bá kúrò nínú ètò kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn ló ń ṣẹlẹ̀: nọ́ńbà á dé, àmọ́ òṣùwọ̀n rẹ̀ àti ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á kò ní bá a dé.

Mo ṣí fáìlì náà, ètò kọ̀ǹpútà ní pọ́íǹtì mílíọ̀nù 40 ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú iṣẹ́ ṣófo. Ṣé fáìlì ti bàjẹ́ ni?

Ó ṣọ̀wọ́n kó bàjẹ́. Pọ́íǹtì yín wà níbẹ̀, ibi tó wà ló jìnnà sí ibi tí ẹ ń wò. Ẹ má tíì sún ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ wo iye tó kéré jù àti iye tó pọ̀ jù fún X, Y àti Z. Nínú CloudCompare, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo point cloud, ẹ tẹ orúkọ fáìlì náà, kí ẹ wo Properties, níbi tó ti kọ ìwọ̀n àpótí tó yí pọ́íǹtì ká àti àárín rẹ̀. Bó bá jẹ́ fáìlì LAS tàbí LAZ, PDAL, ètò kan tí a ń kọ àṣẹ fún, á sọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹ ṣí àwòrán kankan:

pdal info --summary ile.las

Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ti tó láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, bí ẹ bá ti mọ irú nọ́ńbà tó yẹ kí Èkó ní.

Irú nọ́ńbà wo ló wá yẹ kí Èkó ní?

Ẹ fi CMS ní Marina ṣe òdiwọ̀n, kí ẹ mọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí. Ní WGS 84 / UTM sóònù 31 Àríwá, ìyẹn EPSG:32631 nínú àtòkọ àgbáyé fún ètò kọ́díneètì, Easting rẹ̀ (X, sí ìlà-oòrùn) jẹ́ nǹkan bí 543,000, Northing rẹ̀ (Y, sí àríwá) sì jẹ́ nǹkan bí 713,000. Mítà ni méjèèjì. Bí ẹ bá gòkè lọ sí Ìkẹjà, Northing á sún mọ́ 730,000.

Tí ẹ bá ń bá CMS ṣiṣẹ́, tí ẹ wá rí 3.39 àti 6.45, dígírì ni wọ́n fi kó fáìlì náà jáde. Tí ẹ bá rí nǹkan bí 1,781,000 àti 2,339,000, fíìtì ni. Tí Easting bá di 543,000,000, mìlímítà ni. Tí ẹ bá rí nǹkan bí 108,000 àti 271,000, ó ti bọ́ sínú ètò kọ́díneètì mìíràn, Nigeria West Belt, EPSG:26391, èyí tí àárín rẹ̀ wà ní dígírì 4 àti ìṣẹ́jú 30 ní ìlà-oòrùn, tí wọ́n sì ti fi 230,738.26 kún Easting rẹ̀. Tí X bá jẹ́ 713,000 tí Y sì jẹ́ 543,000, ẹnìkan ti gbé Northing ṣíwájú Easting. Lójú máàpù, ilé yín á bá ara rẹ̀ nínú òkun, níwájú etíkun Niger Delta. Tí nọ́ńbà bá tọ́ ṣùgbọ́n tí máàpù gbé e lọ sí ìtòsí ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, sóònù 32 ni wọ́n yàn dípò 31. Dígírì mẹ́fà ni sóònù kan fi jìnnà sí èkejì, ìyẹn nǹkan bí kìlómítà 660 níbi tí Èkó wà.

Tí nọ́ńbà bá kéré, bí 12.4 àti −8.7, kọ́díneètì ti scanner fúnra rẹ̀ ni. Wọn ò tíì so ó mọ́ ilẹ̀ rárá. Kò sí bọ́tìnì kankan tó lè yí i padà sí UTM. Ẹ nílò pọ́íǹtì control, ìyẹn àwọn ibi tí sọ́féyọ̀ ti wọ̀n tí a sì mọ kọ́díneètì wọn dájú.

Fáìlì náà kò sọ òṣùwọ̀n rẹ̀ níbì kankan. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá mítà ni àbí fíìtì?

Ẹ wá ohun kan tí ẹ mọ bó ṣe gùn tó, kí ẹ wọ̀n ọ́n nínú point cloud náà. Ilẹ̀kùn yàrá sábà máa ń ga tó mítà 2.1. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án tí kò tíì gba pílásítà wúlò náà: mìlímítà 450 ni gígùn rẹ̀, 225 ni gíga rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí dára fún ìfojúdíwọ̀n nìkan. Èyí tó dára jù ni kí ẹ fi teèpù wọn ògiri kan tó gùn tó mítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ scan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi iye tí teèpù sọ pín iye tí fáìlì sọ. Bí èsì bá jẹ́ 3.28, fíìtì ni fáìlì náà. 39.37 jẹ́ ínṣì, 1,000 jẹ́ mìlímítà. Bó bá jẹ́ 0.3048, mítà ni tẹ́lẹ̀, ẹnìkan ló rò pé fíìtì ni tó sì yí i padà. Bó bá jẹ́ 0.093, ìyípadà yẹn ti wáyé lẹ́ẹ̀mejì, torí 0.3048 lọ́nà 0.3048 ni 0.0929. Bákan náà ni 10.76 ṣe rí lódìkejì. Irú èyí wọ́pọ̀ gan-an: ẹni tó kó fáìlì jáde ti yí i padà, ẹni tó gbà á tún yan fíìtì nígbà tó ń kó o wọlé.

Ẹ wọn òró náà, kì í ṣe ìbú nìkan. Àwọn fáìlì kan wà tí X àti Y wọn jẹ́ mítà tí Z sì jẹ́ fíìtì. Ilé alájà kan á wá ga bí alájà mẹ́ta, nígbà tí àwòrán rẹ̀ láti òkè bá gbogbo nǹkan mu régé.

Bí èsì bá wá jẹ́ nọ́ńbà tí kò jọ èyíkéyìí nínú wọn, bí 1.07, ẹ má fi ipá mú un bára mu. Kì í ṣe òṣùwọ̀n ló fà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe so scan kan mọ́ èkejì ni kò dára, ìyẹn ni kí ẹ padà lọ wò.

Mo ti mọ̀ pé fíìtì ni. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ di mítà?

Bí ẹ bá ṣì lè rí fáìlì iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ padà síbẹ̀ kí ẹ yan mítà, kí ẹ tún un kó jáde. Ìyẹn mọ́ ju àtúnṣe èyíkéyìí lọ. Bí kò bá sí, ẹ lọ sí Edit, lẹ́yìn náà Multiply/Scale nínú CloudCompare, kí ẹ kọ 0.3048 sí X, Y àti Z. Ẹ ṣọ́ra fún àpótí méjì tó wà nísàlẹ̀ fèrèsé yẹn. Bí ẹ bá yan pé kí nǹkan dúró sójú kan, ilé á kéré dé ìwọ̀n tó tọ́, ṣùgbọ́n kọ́díneètì rẹ̀ á ṣì jẹ́ ti fíìtì. Bí CloudCompare bá sì ti yọ nọ́ńbà ńlá kúrò lára fáìlì náà nígbà tó ń wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ yan Rescale Global shift, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà tí wọ́n yọ yẹn kò ní yí padà.

Pẹ̀lú PDAL, orí ìlà kan ni gbogbo rẹ̀ wà:

pdal translate fiti.las mita.las transformation --filters.transformation.matrix="0.3048 0 0 0 0 0.3048 0 0 0 0 0.3048 0 0 0 0 1" --writers.las.scale_x=0.001 --writers.las.scale_y=0.001 --writers.las.scale_z=0.001 --writers.las.offset_x=auto --writers.las.offset_y=auto --writers.las.offset_z=auto --writers.las.a_srs=EPSG:32631

Ẹ má yọ àwọn scale yẹn kúrò: àwọn ló ń sọ ìgbésẹ̀ tó kéré jù tí fáìlì lè kọ. Bí ẹ kò bá sọ nǹkankan, 0.01 ni PDAL máa lò, ìyẹn ni pé ó máa pa gbogbo pọ́íǹtì pọ̀ sórí sẹ̀ǹtímítà tó sún mọ́ ọn.

Wọ́n ní fíìtì méjì ló wà. Ṣé ó kàn mí?

Ó kàn yín bí ètò kọ̀ǹpútà tàbí oníbàárà yín bá ń lo ìlànà Amẹ́ríkà. Fíìtì àgbáyé jẹ́ mítà 0.3048 géérégé. US survey foot jẹ́ 1200/3937 mítà, ìyẹn 0.3048006. Amẹ́ríkà fúnra wọn ti pa á tì láti ìparí ọdún 2022, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú àtòkọ òṣùwọ̀n ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà, ó sì rọrùn láti tẹ̀ ẹ́ ní àṣìṣe. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ méjì nínú mílíọ̀nù kan. Lára ògiri mítà mẹ́wàá, ojú ò lè rí i. Ṣùgbọ́n láti odo ni a ti ń ka kọ́díneètì: lórí Northing 713,000, ó jẹ́ mítà 1.4. Lórí Easting 543,000, ó lé díẹ̀ ní mítà 1. Nítorí náà, bí ilé yín bá tọ́ ní ìwọ̀n àmọ́ tó yẹ̀ ní mítà kan àti díẹ̀ sí àríwá àti ìlà-oòrùn, tàbí sí gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Irú fáìlì wo ló ń gbé òṣùwọ̀n àti kọ́díneètì dání?

E57 dára, torí ìlànà rẹ̀ ti sọ pé mítà ni. LAS àti LAZ lè gbé ètò kọ́díneètì dání nínú orí fáìlì, àmọ́ bí ẹni tó kó o jáde bá fi í sílẹ̀ lófìfo, nọ́ńbà lásán ni. PTS, XYZ àti TXT kò ní nǹkankan: ìlà àkọ́kọ́ PTS kàn sọ iye pọ́íǹtì ni. PTX ní ibi tí scanner dúró sí, kò ní òṣùwọ̀n. PLY àti OBJ náà kò ní, ọ̀pọ̀ ètò sì ń kọ wọ́n ní nọ́ńbà kúkúrú, èyí tó gbé wa dé ìbéèrè tó kàn.

Ògiri mi ti di ìlà-ìlà, pọ́íǹtì tò bí àtẹ̀gùn. Lójú scanner, ó mọ́ kedere. Kí ló dé?

Nọ́ńbà ńlá ni wọ́n fi sínú àyè kékeré. Float oníbíìtì 32, ìyẹn nọ́ńbà kúkúrú tí a sọ lókè, kò lè gbé ju nǹkan bí ẹyọ nọ́ńbà méje lọ. Láàárín 524,288 àti 1,048,576, ìgbésẹ̀ tó kéré jù tó lè gbé jẹ́ mítà 0.0625. Ẹ wá wo Easting CMS, 543,000, àti Northing rẹ̀, 713,000: méjèèjì ló bọ́ sáàárín yẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá fi UTM pátápátá kó ilé kan ní Broad Street jáde sí PLY oníbíìtì 32, gbogbo pọ́íǹtì rẹ̀ ló máa fò lọ sórí àwọ̀n onísẹ̀ǹtímítà 6.25. Òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì gbẹ́ sórí fèrèsé ilé àwọn Àgùdà, tí scanner mú ní mìlímítà méjì, á parẹ́. Kò sì sí bí a ṣe lè dá a padà láti inú fáìlì yẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ yọ iye kan tó parí sí odo, tí ó rọrùn láti rántí, kúrò kí ẹ tó kó o jáde: 543,000 lára X, 713,000 lára Y, odo lára Z. Ẹ kọ iye tí ẹ yọ náà sílẹ̀. CloudCompare máa ń dábàá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣí fáìlì. Ẹ má gba nọ́ńbà tó bá dábàá láìwò ó. Ẹ kọ tiyín, kí gbogbo fáìlì iṣẹ́ kan náà lè ní iye kan náà, kí ẹ sì jẹ́ kí àmì tó ní kó dá iye náà padà nígbà ìfipamọ́ wà níbẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ UTM pátápátá nínú LAS.

LAS kò lo float, odidi nọ́ńbà oníbíìtì 32 ló ń lò pẹ̀lú scale (iye tí a fi ń sọ ọ́ di púpọ̀) àti offset (iye tí a fi kún un). Òun náà ní ààlà: bí scale bá jẹ́ 0.0001 tí offset sì jẹ́ 0, kò lè kọjá 214,748. Northing Èkó kò lè wọ ibẹ̀. 0.001 ti tó fún scanner èyíkéyìí, ẹ kàn jẹ́ kí offset jẹ́ auto.

Point cloud mi àti survey plan oníbàárà fi ohun tó lé ní mítà 100 yàtọ̀ síra. UTM sóònù 31 ni méjèèjì. Ta ló ṣìnà?

Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má ṣìnà. Survey plan l'Ékòó sábà máa ń wà lórí Minna datum, EPSG:26331; datum ni ìpìlẹ̀ tí a ti ń ka kọ́díneètì. GNSS (ẹ̀rọ tó ń lo sátẹ́láìtì, bíi GPS) àti dúróònù yín ń sọ WGS 84, EPSG:32631. Orúkọ sóònù jọra, ṣùgbọ́n Minna dúró lórí ellipsoid (àwòṣe ìrísí ayé) Clarke 1880, àárín rẹ̀ kò sì bá ti WGS 84 mu.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba fáìlì jẹ́, torí wọn ò ya ohun méjì sọ́tọ̀. Èkínní ni kí a fún fáìlì lórúkọ: nọ́ńbà kò yí padà, a kàn ń sọ ètò tó wà tẹ́lẹ̀. Èkejì ni kí a yí nọ́ńbà fúnra rẹ̀ padà láti ètò kan sí òmíràn. Bí fáìlì yín bá jẹ́ WGS 84 tí ẹ wá fi orúkọ Minna lé e lórí, ẹ kò tíì tún nǹkankan ṣe, irọ́ lẹ kọ sórí rẹ̀. Ìyípadà gidi rèé:

pdal translate wgs.las minna.las reprojection --filters.reprojection.in_srs=EPSG:32631 --filters.reprojection.out_srs=EPSG:26331

Ẹ fi àwọn scale àti offset tòkè yẹn kún un. Àkíyèsí pàtàkì: ìlànà ìyípadà láàárín Minna àti WGS 84 ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó pẹ́ jù nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni −92, −93, 122, iye mítà tí a fi ń sún àárín rẹ̀ lórí X, Y àti Z, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tó fi mítà mélòó kan yàtọ̀ sí i. Ẹ bi sọ́féyọ̀ tó fọwọ́ sí plan náà léèrè èyí tó lò. Bó bá lè fún yín ní kọ́díneètì òpó bíkìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ lè fi GNSS wọ̀n fúnra yín, ẹ fi ìyẹn ṣe é. Ó dájú ju ohunkóhun tí ètò kọ̀ǹpútà bá yàn fún yín lọ.

Gíga ilẹ̀ ní Marina ń sọ mítà 26. Ṣé òkè ti wà ní Marina ni?

Rárá o. Mítà mélòó kan péré ni Erékùṣù Èkó fi ga ju òkun lọ. Gíga látorí ellipsoid ni GNSS fún yín, ellipsoid sì wà lábẹ́ ìpele òkun níbí ní ohun tó lé ní mítà 20. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ iye geoid (bí ìpele òkun ṣe ga ju ellipsoid lọ tó) kúrò, láti inú àwòṣe bí EGM2008, tàbí kí ẹ so iṣẹ́ náà mọ́ benchmark (àmì tí a mọ gíga rẹ̀) tó súnmọ́ yín. Ẹ má fi iye kan ṣoṣo yọ ọ́ láti Lẹ́kí dé Agége, torí ó ń yí díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé kan lásán, kò le. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ gọ́tà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ẹ bẹ̀rù rẹ̀: ilẹ̀ wa tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ tí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá fi lè yí ọ̀nà tí omi máa gbà padà.

Gbogbo nǹkan bára mu, ṣùgbọ́n mítà 100 lórí ilẹ̀ di 99.96 nínú fáìlì. Ṣé àṣìṣe òṣùwọ̀n nìyẹn?

Kì í ṣe àṣìṣe. UTM máa ń sún ilẹ̀ kì díẹ̀ kó lè tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ní Erékùṣù Èkó, iye rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.99962, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 3.8 lórí mítà 100. Lórí afárá Third Mainland, tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 11.8, ó lé ní mítà mẹ́rin. Ẹni tó fẹ́ gé irin tàbí gíláàsì láti inú fáìlì yín nílò ìwọ̀n orí ilẹ̀, kì í ṣe ti UTM. Ẹ bi í kí ẹ tó kó o jáde.

Ilé mi dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ètò kan ka Y sí òkè, èkejì ka Z. Ẹ yí i ní dígírì 90 lórí X, tàbí kí ẹ yan Z-up nígbà tí ẹ bá ń kó o jáde.

Revit, ètò tí a fi ń ya ilé, kọ̀ láti gbà á, tàbí kí ìlà máa gbọ̀n.

Revit kò fẹ́ nǹkan tó jìnnà ju kìlómítà 16 lọ sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, bẹ́ẹ̀ Northing Èkó jẹ́ kìlómítà 713. Ẹ lo fáìlì tí ẹ ti yọ 543,000 àti 713,000 lára rẹ̀, kí ẹ wá fi shared coordinates sọ ibi tó wà gan-an. Nínú AutoCAD, ẹ wo UNITS kí ẹ tó so fáìlì mọ́ ọn. Bí ó bá wà ní ínṣì, tí fáìlì yín sì jẹ́ mítà, 39.37 á jáde.

Ṣé mi ò kàn lè fi ọwọ́ fà á títí á fi bá plan mu?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Fífà á lójú bo ìdí àṣìṣe mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ òṣùwọ̀n ló yẹ̀, igun kan á bára mu, igun kejì á jìnnà. Bó bá jẹ́ datum ni, ilé tó kàn tí wọ́n bá scan kò ní bá tiyín mu láé. Ẹ wá iye tó fà á, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, lórí gbogbo fáìlì.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ yẹ pọ́íǹtì mẹ́rin tó jìnnà síra wò, kí ọ̀kan nínú wọn wà lókè ilé. Bí ìyàtọ̀ wọn bá jọra ní gbogbo ibi, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà ló ṣì kù. Bó bá ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń lọ, òṣùwọ̀n ni. Bó bá yí ká àárín, ẹnìkan ti yí fáìlì náà.

Kí ni kí n fi síwájú oníbàárà pẹ̀lú fáìlì?

Ìwé TXT kan nínú fólídà kan náà. Ẹ má rò pé oníbàárà òní nìkan ló máa kà á. Ìlójo Bar ní Tinubu Square, tí ìjọba kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, di wíwó ní 2016. Bí ilé bá ti lọ báyẹn, fáìlì ló kù, kò sì sí ògiri mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi teèpù wọ̀n láti mọ bóyá mítà ni àbí fíìtì.

Ẹ kọ òṣùwọ̀n XY àti ti Z lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nọ́ńbà EPSG, irú gíga tí ẹ lò àti àwòṣe geoid rẹ̀, iye tí ẹ yọ kúrò lára X, Y àti Z, ọjọ́ tí ẹ scan, kọ́díneètì control mẹ́ta ó kéré tán, àti ìwọ̀n ògiri kan tí ẹ fi teèpù mú, pẹ̀lú àwòrán tó fi ìkángun rẹ̀ méjèèjì hàn. Ẹ wá fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sí orúkọ fáìlì gan-an, torí ìwé TXT lè sọnù: ile_broadstreet_EPSG32631_mita.laz.